Ọba tí orí rẹ̀ kò dé ojú owó: ìtàn Edward Kẹjọ àti kọ́bọ̀ oníhò

Ẹ bá mi bi ìyá àgbà yín léèrè, bí Ọlọ́run bá ṣì dá wọn sí: kí ni kọ́bọ̀ oníhò? Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n á wá ní owó kan ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó rí róbótó, ihò wà láàárín rẹ̀, èèyàn lè fi okùn sín in bí ìlẹ̀kẹ̀ kó má baà sọnù. Òun ni wọ́n fi ń ra ẹ̀kọ àti àkàrà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ ni pé orúkọ ọba kan wà lára díẹ̀ nínú àwọn owó oníhò yẹn, ọba tó jẹ́ pé ní London tí ààfin rẹ̀ wà gan-an, kò sẹ́ni tó fi owó rẹ̀ ra nǹkan rí. Mi ò ní wọn ò ná an púpọ̀ o. Owó náà ò jáde rárá ni. Nínú ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n fi wúrà rọ láti fi dánra wò, tí orí ọba náà wà lára rẹ̀, ẹnì kan san mílíọ̀nù kan pọ́ùn láti ra ẹyọ kan ṣoṣo ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Royal Mint, ilé-iṣẹ́ tó ń rọ owó fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kéde rẹ̀. Kí ìgbà náà tó dé, kò tíì sí owó onírin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan tó pa irú iye bẹ́ẹ̀. Wúrà tó wà nínú rẹ̀ ò sì tó gíráàmù mẹ́jọ. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ wò.

Edward Kẹjọ lorúkọ ọba náà.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, ọdún 1894, ní White Lodge ní Richmond, lẹ́bàá London. Ọbabìnrin Victoria, ìyá bàbá-bàbá rẹ̀, ṣì wà lórí oyè nígbà yẹn. Orúkọ méje ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n David tó gbẹ̀yìn gbogbo ẹ̀ làwọn ará ilé ń pè é. Nígbà tí bàbá rẹ̀ jọba ní 1910, tó di George Karùn-ún, David di àrẹ̀mọ, wọ́n sì fi í joyè Prince of Wales ní gbangba ní Caernarfon ní 1911. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni.

Bàbá rẹ̀ le. Ó jẹ́ èèyàn tí aago àti ìlànà máa ń darí, tí kì í fẹ́ kí nǹkan yí kúrò níbi tó ti bá a. Ọmọ rẹ̀ sì rèé, nǹkan àtijọ́ máa ń sú u. Nígbà Ogun Àgbáyé Àkọ́kọ́, ó wọ iṣẹ́ ológun, ó fẹ́ lọ sójú ìjà gan-an, wọn ò gbà fún un, nítorí kí ọ̀tá má baà mú àrẹ̀mọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́rú. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n wá ń rán an káàkiri ayé láti máa fi ojú hàn níbi gbogbo tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣèjọba. Ó dé Kánádà, Australia, Íńdíà. Ní 1925, ó wọ ọkọ̀ ogun Repulse, ó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì dé Nàìjíríà wa níbí. Kánò ni wọ́n ti ṣe dọ́bà ńlá fún un, ẹṣin lọ súà.

Ó rẹwà, ó mọ aṣọ wọ̀. Gbogbo ohun tó bá wọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ London àti New York ń wọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tẹ́ẹ máa ń so táì lọ síbi iṣẹ́ ní Marina láàárọ̀ Mọ́ńdè, kókó táì ńlá tí wọ́n ń pè ní Windsor yẹn, orúkọ oyè tó jẹ gbẹ̀yìn ni wọ́n fi ń pè é. Ká ní Instagram ti wà láyé nígbà yẹn, ẹ mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí aṣọ tàn wá. Àwọn lẹ́tà tó kọ nígbà ìrìn-àjò rẹ̀ ní 1920 ti jáde, ohun tó sì kọ nípa àwọn aláwọ̀ dúdú onílẹ̀ ní Australia, ọ̀rọ̀ àbùkù ni, irú èyí tí èèyàn ò lè kà sétígbọ̀ọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń lọ.

Ní ọjọ́ 20, oṣù Kìíní, ọdún 1936, nígbà tí ilẹ̀ ti ń lọ sí ọ̀gànjọ́, George Karùn-ún wàjà ní Sandringham. Lọ́jọ́ kejì ọba tuntun wọ bàálù lọ sí London. Kò sí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan tó wọ bàálù rí ṣáájú ẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni.

Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ náà ni owó. Bí ọba bá yí padà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orí tó wà lójú owó gbọ́dọ̀ yí padà. Kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan. Oníṣẹ́ ọnà á kọ́kọ́ mọ orí ọba lọ́nà tó tóbi, bí abọ́ ńlá. Ẹ̀rọ kan á wá máa tọ ojú iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, á sì máa gbẹ́ ẹ sára irin ní kékeré títí yóò fi tó ìwọ̀n owó. Irin yẹn ni wọ́n á fi ṣe òǹtẹ̀, wọ́n á mú un le, kí ẹ̀rọ tó lè máa fi í tẹ owó. Oṣù lórí oṣù ni. Torí náà, ní gbogbo ọdún 1936, orí bàbá rẹ̀ tó ti wàjà ni Royal Mint ṣì ń tẹ̀ sójú owó. Kódà ní ọjọ́ Maundy Thursday ọdún yẹn, tí ọba máa ń fi owó fàdákà kéékèèké ta àwọn àgbàlagbà lọ́rẹ, Edward fúnra rẹ̀ ló pín in ní Westminster Abbey, ṣùgbọ́n orí George ló wà lára ohun tó ń pín. Ètò tí wọ́n ṣe ni pé owó tirẹ̀ yóò jáde ní ọjọ́ kìíní ọdún 1937.

Humphrey Paget ni oníṣẹ́ ọnà tí iṣẹ́ náà já mọ́ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ayé Charles Kejì, ní bíi ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọdún sẹ́yìn nígbà yẹn, àṣà kan wà nídìí owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: bí ọba kan bá kọjú sí apá òsì lójú owó, ẹni tó bá jẹ tẹ̀ lé e á kọjú sí apá ọ̀tún. Kì í ṣe òfin, àṣà ni. George Karùn-ún kọjú sí òsì. Ó yẹ kí Edward kọjú sí ọ̀tún. Edward ní òun ò ṣe. Ìdí ẹ̀? Apá òsì orí rẹ̀ ni ìlà tó fi la irun rẹ̀ wà, ó sì gbà pé apá yẹn lòun ti wuyì jù. Tó bá kọjú sí ọ̀tún, ìlà irun náà ò ní hàn. Àwọn ará Royal Mint ṣàlàyé títí, ọba ò gbọ́. Òsì ló fẹ́, òsì náà ni wọ́n ṣe.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí gbogbo wa la mọ apá tó dáa jù nínú fọ́tò wa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọba yìí kì í kàn án ṣe torí irun nìkan. Ó ń wá ibi tó ti máa fi hàn pé òun kì í ṣe bàbá òun. Ó tún fẹ́ kí ẹ̀yìn owó yí padà: ó ti sú u láti máa rí asà àti àmì oyè nígbà gbogbo, ó fẹ́ nǹkan ìgbàlódé. Ibẹ̀ ni ẹyẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní wren ti dé orí farthing, tí ọkọ̀ ojú omi sì dé orí eépìnnì wọn. Lórí ìyẹn, mo fara mọ́ ọn. Àwọn àwòrán yẹn dùn-ún wò títí dòní.

Obìnrin kan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà o, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n: Wallis Simpson, ọmọ Amẹ́ríkà. Ó ti kọ ọkọ kan sílẹ̀, ó sì wà lọ́dọ̀ ọkọ kejì nígbà tí òun àti Edward mọra. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1936, ó lọ sí kóòtù ní Ipswich láti kọ ọkọ kejì náà. Ọba fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni olórí ìjọ Áńgílíkà, ìjọ náà kò sì gbà nígbà yẹn kí ẹni tó kọ ọkọ sílẹ̀ tún ṣègbéyàwó nígbà tí ọkọ àná ṣì wà láyé. Stanley Baldwin, olórí ìjọba, sọ ọ́ fún un pé kò ṣeé ṣe: tó bá fẹ́ ẹ láìgba ìmọ̀ràn, ìjọba òun á kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni àwọn oníròyìn. Ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ti ń gbé e jáde fún oṣù mélòó kan. Ní London, gbogbo àwọn ìwé ìròyìn ńlá panu mọ́. Wọ́n mọ̀, wọn ò kọ ọ́. Àfi ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́ síta. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ péré kí ọba ó lọ. Àwọn ará ìlú ò ráyè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ó tó parí.

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, ní Fort Belvedere, Edward fọwọ́ sí ìwé pé òun gbé adé sílẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin mẹ́ta sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Lọ́jọ́ kejì, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sọ ọ́ di òfin. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ lórí rédíò láti Windsor, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi kúrò nílùú. Ó lo ọjọ́ 326 lórí oyè. Wọn ò tiẹ̀ tíì dé e ládé. Ọjọ́ tí wọ́n ti dá fún ìwúyè rẹ̀, ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, ọdún 1937, àbúrò rẹ̀ George Kẹfà ni wọ́n wá fi ọjọ́ náà dé ládé. Ọmọbìnrin àbúrò yẹn ni Elizabeth tí gbogbo wa mọ̀.

Ẹ wá wo ipò tí Royal Mint bá ara wọn. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí owó tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Orí ti wà nílẹ̀, ẹ̀yìn ti wà nílẹ̀, wọ́n ti tẹ díẹ̀ wò láti orí farthing dé orí owó wúrà pọ́ùn márùn-ún. Gbogbo ẹ̀ di òfo. Wọ́n kó àwọn tí wọ́n fi dánra wò sínú páálí, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí irin ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, ibẹ̀ ló sì wà di ọdún 1970.

Nǹkan kan yọ́ jáde lára wọn ṣá. Owó kọ́bọ̀ mẹ́ta, ìyẹn tọ́rọ́, ni wọ́n fẹ́ yí padà sí aláwọ̀ idẹ onígun méjìlá. Torí pé owó náà nípọn, tí kò sì jọ èyí tí wọ́n ti ń ná tẹ́lẹ̀, wọ́n yá àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ tí èèyàn máa ń sọ owó sí nínú ní díẹ̀ kí wọ́n fi dán ẹ̀rọ wọn wò. Díẹ̀ nínú ẹ̀ ò padà wálé mọ́. Àwọn tí kò padà yẹn ni àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ń wá lójú méjèèjì títí di òní.

Edward fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí wọ́n bun òun ní owó tí orí òun wà lára rẹ̀, kí òun fi pamọ́. George Kẹfà ní rárá. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn. Ọkùnrin tó jà títí kí wọ́n tó fi apá òsì orí rẹ̀ sójú owó, kò rí ẹyọ kan gbà nínú ẹ̀.

Kí ẹ tún wá wo ọgbọ́n tí wọ́n ta: George Kẹfà kọjú sí òsì lójú owó tirẹ̀. Ṣe ẹ rí i? Bàbá kọjú sí òsì, àbúrò kọjú sí òsì. Wọ́n ṣe é bí ẹni pé owó Edward jáde lóòótọ́, àti pé ó kọjú sí ọ̀tún bí àṣà ṣe wí. Elizabeth wá kọjú sí ọ̀tún, Charles tó wà níbẹ̀ báyìí sì kọjú sí òsì. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ló kọ̀, ìkọ̀ náà ò sì dé ojú ọjà.

Bẹ́ẹ̀, báwo ni orúkọ rẹ̀ ṣe wá dé ọ̀dọ̀ wa?

Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni. Nígbà yẹn owó kan náà ni Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gáḿbíà ń ná, West African Currency Board tó wà ní London ló ń bójú tó o láti 1912. Ṣílè àti sísì ní orí ọba lára. Ṣùgbọ́n àwọn kéékèèké, kọ́bọ̀, eépìnnì àti ọ̀nínì tó jẹ́ ìdá mẹ́wàá kọ́bọ̀, ihò ló wà láàárín wọn. Níbo ni wọ́n fẹ́ fi orí ọba sí? Adé ni wọ́n yà sókè ihò, wọ́n kọ orúkọ ọba yí etí owó po, wọ́n sì fi ìràwọ̀ onígun mẹ́fà sí ẹ̀yìn. Owó oníhò bá wa lára mu. Àwọn bàbá ńlá wa ti mọ owó ẹyọ, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń sín in ní ogójì-ogójì sórí okùn.

Torí pé kò sí orí lára ẹ̀, kò sí ìjà òsì tàbí ọ̀tún. Kò sí pé à ń dúró de Paget. Orúkọ nìkan ni wọ́n yí padà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ nínú ọdún 1936 yẹn gan-an, ní London àti ní Birmingham, lọ́pọ̀ mílíọ̀nù. EDWARDVS VIII REX ET IND: IMP: ni wọ́n kọ sí i ní èdè Látìn, ìyẹn Edward Kẹjọ, ọba àti ọba ńlá ilẹ̀ Íńdíà. Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, Fiji àti New Guinea náà gba tiwọn, oníhò ni gbogbo wọn. 

Nítorí náà, ìyá ẹlẹ́kọ ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta lè ní ogún orúkọ Edward Kẹjọ nínú àpò, nígbà tí gómìnà báǹkì ìjọba ní London ò ní ẹyọ kan. Kí ẹ sì wò ó, ó ti gbé adé sílẹ̀, ó ti lọ, ó ti gbéyàwó, kọ́bọ̀ rẹ̀ ṣì ń ra iyọ̀ ní ọjà wa.

Ní báyìí, mo mọ̀ pé àwọn kan ti dìde láti lọ tú àpótí ìyá àgbà. Ẹ fara balẹ̀. Kọ́bọ̀ oníhò 1936 tí orúkọ Edward wà lára rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀, kò wọ́n. Èyí tó ti jẹ, tó ti dúdú, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń rà á. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni èyí tó ṣì rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó bọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ owó àtijọ́ ti yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí nìyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí owó bá ṣáà ti pẹ́, ó ti di olówó iyebíye. Rárá o. Ohun méjì ni wọ́n ń wò: iye tó kù láyé, àti ipò tó wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń yẹ owó wò ní Amẹ́ríkà máa ń fún owó ní máàkì láti orí 1 dé 70. Láti 60 lọ sókè, ó túmọ̀ sí pé owó náà ò tíì di nínáná rárá. Wọ́n á wo ibi tó ga jù lójú owó, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ: irun àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba lára èyí tó ní orí, adé lára èyí tó jẹ́ oníhò. Wọ́n á wo ojú rẹ̀ bóyá ó ṣì ń dán ní ìdán ti àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ máàkì méjì tàbí mẹ́ta lè sọ owó kan di ìlọ́po mẹ́wàá ìkejì rẹ̀.

Ta ló sì fẹ́ fi kọ́bọ̀ tuntun pamọ́ ní 1936? Owó oúnjẹ ni. Ọwọ́ tó lóòógùn ló ń gbà á, inú àpò ló ti ń gbo ara wọn, ẹlòmíràn rì í mọ́lẹ̀, omi òjò wọ̀ ọ́. Bákan náà ló rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwọn owó tirẹ̀: èyí tí wọ́n ṣe fún tálákà ló máa ń ṣòro jù láti rí ní ipò tó dáa, torí tálákà ò lè fi owó sílẹ̀ láìná an. Owó wúrà Edward ní tirẹ̀ ń dán gbinrin, kò sóhun tó ṣe é, torí kò rí ọjà rí. Ẹ̀rọ ló ti bọ́ sínú páálí. Ohun tó sọ ọ́ di mílíọ̀nù nìyẹn. Ní ọdún 2014, ọ̀kan irú rẹ̀ ti pa £516,000. Ní 2021, èyí tó jẹ́ pọ́ùn márùn-ún kọjá mílíọ̀nù méjì dọ́là ní Amẹ́ríkà. Ẹ wá lọ wo sítáǹbù rẹ̀ tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1936, tó kọjú sí òsì bó ṣe fẹ́: wọ́n tẹ ẹ́ lọ́pọ̀ yanturu, ó sì wà nílẹ̀ pọ́ọ́kú títí dòní. Ọba kan náà, orí kan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí kọ́bọ̀ oníhò, ẹ má fi òroǹbó wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ má fi eérú tàbí kàn-ìn-kàn-ìn bó o. Ìdán tí ẹ bá bó kúrò ò ní padà wá mọ́, àwọn tó mọ̀ á sì rí i lójú kan náà. Ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ má fọwọ́ tẹ ojú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì gbé owó ńlá tó ní orí Edward Kẹjọ wá bá yín lórí fóònù pé ẹ wá rà á ní owó pọ́ọ́kú, ẹ sá. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ti ṣe ayédèrú àti owó ìrántí olórí Edward lọ́pọ̀lọpọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ojúlówó ò tó nǹkan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ni wọ́n mọ ibi tó wà.

Ìyókù ìgbésí ayé rẹ̀ ò gùn ún sọ. Ó fẹ́ Wallis ní Faransé ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, ọdún 1937. Wọ́n fi í joyè Duke of Windsor, wọn ò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ jẹ oyè ọmọ ọba, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún dọ́jọ́ ikú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ó lọ kí Hitler ní Jámánì. Kò sí àwíjàre fún ìyẹn lójú tèmi. Nígbà tí ogun dé, wọ́n fi í ṣe gómìnà ní Bahamas láti 1940 sí 1945, kí ó lè jìnnà. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀, owó iṣẹ́ wọn kéré, wọ́n sì dìde ní Nassau ní oṣù Kẹfà ọdún 1942, èèyàn kú. Lẹ́yìn ogun, òun àti ìyàwó rẹ̀ padà sí Faransé, wọ́n ń gbé ní Paris, àríyá lọ́tùn-ún, àríyá lósì, kò sí iṣẹ́ kan pàtó tí ẹnikẹ́ni tún gbé fún un.

Àwọn owó rẹ̀ jáde kúrò nínú àpótí irin ní 1970, nígbà tó ṣì wà láyé ní Paris. Àrùn jẹjẹrẹ ọ̀fun pa á ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 1972, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sin ín sí Frogmore ní Windsor. Oṣù méje lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà, a sì fi kọ́bọ̀, orúkọ tí àwọn ìyá wa ti ń pe owó oníhò rẹ̀, pe ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀.